Òṣùká tó wà nínú ọrùn: kì í ṣe gbogbo apá tó ń jó ni wọ́n ta ní àpèta

Ní ìlú Ìlá Ọ̀ràngún, bí ìrora bá ti ọrùn èèyàn bẹ̀rẹ̀, tó gba èjìká sọ̀ kalẹ̀ sí apá, tó wá dé ìka ọwọ́ tí ìka náà kú tipiri, ọ̀nà mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ máa ń gbà. Àwọn kan á ní làkúrègbé ni. Àwọn kan á ní iṣẹ́ ló pọ̀ jù, kó lọ fara balẹ̀ sùn. Àwọn kẹta, tó jẹ́ pé ohùn wọn ló máa ń ròkè bí ọ̀sẹ̀ méjì bá ti kọjá tí ara ò yá, á ní wọ́n ta á ní àpèta ni. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, wọ́n ti ń ka orúkọ: orogún, ìyàwó àbúrò ọkọ, ẹni tí wọ́n jọ ń ná ọjà, ẹni tí wọ́n jọ du ilẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ṣé àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?

Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni pé nínú ọ̀pọ̀ irú àìsàn yìí, kò sí ọ̀tá kankan nínú agbo ilé. Inú ọrùn ẹni tó ń jẹ̀rora gan-an ni ẹlẹ́ṣẹ̀ jókòó sí. Kò sì tóbi ju bọ́tìnnì ẹ̀wù àwọ̀lékè lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá elépo kan ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tó pọ̀ káàkiri ilẹ̀ Ìgbómìnà. Láti kékeré ló ti ń pọn omi. Ó ru igi, ó ru iṣu, ó ru kòkó láti oko wálé. Nígbà tó lọ́kọ, epo pupa ló ń tà. Kẹ́ẹ̀gì epo lítà 25, bó bá kún dẹ́nu, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 23, èyí tí wọ́n bá bu omi sí kún kílò 25 láìka ike rẹ̀ mọ́ ọn. Orí ọmọ ènìyàn fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Ọlọ́run ṣe dá a, ń lọ bíi kílò 5. Ìyẹn ni pé nígbàkígbà tí ìyá yìí bá gbé kẹ́ẹ̀gì rù, bí ìgbà tí wọ́n to orí mẹ́rin sí márùn-ún mìíràn lé tirẹ̀ ni. Ó ti ṣe é fún ogójì ọdún, kò ṣe é nǹkan kan. Àfi lọ́jọ́ kan tó jí láàárọ̀, tí ọrùn rẹ̀ gan, tí apá ọ̀tún ń jó o bíi pé wọ́n da ata sí i, tí kò sì lè fi ọwọ́ náà ti ilẹ̀kùn.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará ilé ọkọ ní ọ̀lẹ ti wọ̀ ọ́ lára, nítorí wọn ò rí egbò, wọn ò rí ibi tó wú. Ọmọ rẹ̀ tó wà l'Ékòó fi owó ránṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ kìíní, owó bá ti ẹni tó ń fi òróró wọ́ ara lọ. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó di ti oníṣẹ́ adúrà. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹnì kan dárúkọ ìyàwó àbúrò ọkọ, bí ilé tó ti tòrò fún ogún ọdún ṣe dàrú nìyẹn. Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ nítorí nǹkan kékeré kan tó yẹ̀ lórí ìjókòó rẹ̀.

Òṣùká Ọlọ́run

Kò sí ọmọ Ìgbómìnà tí kò mọ òṣùká. Aṣọ tàbí ewé tí èèyàn ká róbótó, tó gbé lé orí kó tó gbé ẹrù lé e. Òṣùká kì í jẹ́ kí ìdí ẹrù máa gbo agbárí, á sì jẹ́ kí ẹrù jókòó pẹ̀sẹ̀. Ọjọ́ tí òṣùká bá tinrin jù, tàbí tó bá yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹni tó ru ẹrù á mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀.

Irú òṣùká bẹ́ẹ̀ ni Ẹlẹ́dàá fi sáàárín egungun ọrùn. Egungun 7 ló wà lọ́rùn èèyàn. Yàtọ̀ sí méjì tó wà lókè pátápátá, tí kò sí nǹkan láàárín wọn, gbogbo àwọn tó kù ló ní tìmùtìmù kékeré láàárín ara wọn. Dísìkì ni àwọn dókítà ń pè é. Ìta rẹ̀ yi bí awọ tí wọ́n hun pọ̀, inú rẹ̀ rọ̀, ó ń fà bí ọbẹ̀ ilá. Nígbà èwe, omi pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè, omi á máa gbẹ, awọ ìta á máa sán díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tí awọ náà bá ya, nǹkan rírọ̀ inú rẹ̀ á yọrí síta.

Ibi tó yọrí sí ló ń sọ bí ìyà ṣe máa tó. Ẹ̀yìn àwọn egungun yìí ni iṣan ńlá tó ti inú ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀ gbà kọjá, ó dà bíi wáyà iná tó gba òpópónà ńlá. Ọ̀tún àti òsì ni àwọn wáyà kéékèèké ti ń yà kúrò lára rẹ̀, tí wọ́n ń lọ sí èjìká, sí apá, títí dé ìka ọwọ́. Bí dísìkì tó yọrí bá tẹ ọ̀kan nínú àwọn wáyà kéékèèké yìí mọ́lẹ̀, ọrùn ni ìjàǹbá ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n apá ni iná ti máa jó. Ìdí nìyẹn tí ẹlòmíì á fi máa fi àbọ́níkì pa apá fún oṣù kan gbáko tí kò ní rí ìyàtọ̀. Ibi tí wọ́n ń pa kọ́ ló ń dùn ún.

Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ìyá tó pe àìsàn yìí ní àpèta ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn dókítà òyìnbó gan-an ò tètè mọ̀ ọ́n. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá la ẹ̀yìn èèyàn tí wọ́n bá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, kókó ni wọ́n máa ń pè é. Ọdún 1934 ni William Mixter àti Joseph Barr, àwọn dókítà méjì ní ìlú Boston l'Ámẹ́ríkà, kọ ọ́ jáde pé kì í ṣe kókó rárá, dísìkì tó yọrí ló ń tẹ iṣan. Láti ìgbà náà ni ojú ayé ti là sí i.

Ṣé ẹrù orí ló fà á?

Ìbéèrè tí gbogbo èèyàn máa ń bèèrè nìyí, ìdáhùn rẹ̀ sì ní apá méjì.

Apá kìíní: ẹrù orí ń jẹ ọrùn, irọ́ kọ́. Lọ́dún 1968, dókítà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè tó ń jẹ́ Zimbabwe lónìí kọ ìwé sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sọ̀rọ̀ nípa àwọn aláàárù tí ẹrù orí ṣe léṣe lọ́rùn. Lọ́dún 1997, àwọn kan tún gbé èsì iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Sierra Leone jáde. Wọ́n ya àwòrán X-ray ọrùn èèyàn 35 tó ń fi orí ru ẹrù, wọ́n ya ti 35 mìíràn tí kì í rù ú. Nínú àwọn tó ń ru ẹrù, 31 ni egungun ọrùn wọn ti jẹ. Nínú àwọn tí kì í rù ú, 8 péré ni. Sierra Leone kò jìnnà sí wa, bí wọ́n ṣe ń ru ẹrù níbẹ̀ náà la ṣe ń rù ú níhìn-ín.

Apá kejì: pé egungun jẹ kò túmọ̀ sí pé ìrora gbọ́dọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ló ru ẹrù títí ewú fi gba orí wọn, tí ọrùn wọn ò yingin. Ní àwọn ìlú Èkìtì àti apá kan ilẹ̀ Ìgbómìnà, ọkùnrin máa ń gbé eré Ẹ̀pà tí wọ́n fi odidi igi gbẹ́ rù, òmíràn nínú wọn ju kílò 20 lọ, wọ́n sì tún ń fi í jó. Lódì kejì, awakọ̀ tí kò ru ohunkóhun rí, télọ̀ tó ń tẹ orí ba lórí ẹ̀rọ láti àárọ̀ di alẹ́, tíṣà tó ń máàkì ìwé, ọlọ́kadà tó ń bá kòtò ojú ọ̀nà fò, ọmọ iléèwé tí kì í gbójú kúrò lára fóònù, gbogbo wọn ni ọrùn lè dùn. Sìgá mímu máa ń jẹ́ kí dísìkì tètè gbẹ. Ó sì ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé mìíràn.

Ohun tó dá bí ìdájọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ẹrù nìkan kọ́ ni ọ̀tá ọrùn. Gbígbé e rù àti sísọ̀ ọ́ kalẹ̀ nìgbà tí ọrùn máa ń wà nínú ewu jù, pàápàá bí èèyàn bá ń dá a ṣe, tó tẹ̀ síwájú, tó tún yí ọrùn sí ẹ̀gbẹ́ kan náà. Àwọn ìyá wa àtijọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń dúró lójú ọ̀nà, tí wọ́n á ké sí ẹni tó ń kọjá pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e rù." Kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń ṣe wọ́n.

Ìka ọwọ́ ló ń jẹ́rìí

Nǹkan ìyanu kan wà nínú àìsàn yìí tó yẹ kí gbogbo èèyàn mọ̀. Iṣan kọ̀ọ̀kan ló ní ilé tirẹ̀ lápá. Bó bá jẹ́ dísìkì tó wà láàárín egungun karùn-ún àti ìkẹfà ló yọrí, àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e ló sábà máa ń kú, ó sì lè ṣòro láti ká apá wá sí àyà. Bó bá jẹ́ èyí tó wà láàárín ìkẹfà àti ìkeje, ìka àárín ni, agbára tí èèyàn fi ń ti nǹkan á sì dín kù. Méjì yìí ló wọ́pọ̀ jù. Bó bá jẹ́ èyí tó wà nísàlẹ̀ wọn, ìka kékeré àti èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló máa kú.

Ẹlòmíì á sọ pé òun máa ń rí ìdẹ̀ra bí òun bá gbé ọwọ́ lé orí. Dókítà tó bá gbọ́ bẹ́ẹ̀ á mi orí, nítorí àmì dísìkì ọrùn ni. Bí ẹni náà bá gbójú sókè tó tún tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ tó ń dùn ún, iná á ta wìn-ín títí dé ìka. Àmì ni ìyẹn náà.

Ẹ wá rò ó wò: ọfà tí ayé ta, ṣé á mọ ìka tó yẹ kó kú gẹ́gẹ́ bí egungun tó yẹ̀? Ohun tó ní ìlànà báyìí, ó ní ibi tó ti wá.

Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fún ọrùn yín

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Àwọn tó ń to eegun nílẹ̀ wa gbayì, ọ̀pọ̀ èèyàn tó kán lẹ́sẹ̀ ló sì gba ọ̀dọ̀ wọn padà sórí ìrìn. Ṣùgbọ́n ọrùn kì í ṣe ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá fa ẹsẹ̀ gbòdì, èèyàn á máa tiro. Bí wọ́n bá fa ọrùn gbòdì, apá méjèèjì àti ẹsẹ̀ méjèèjì lè rọ lójú ẹsẹ̀.

Àṣà kan wà tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin fẹ́ràn: bí onígbàjámọ̀ bá gẹ orí tán, á di àgbọ̀n àti ìpàkọ́ oníbàárà mú, á fún un sọ́tùn-ún, kọ́ọ̀! Á tún fún un sósì, kọ́ọ̀! Onítọ̀hún á ní ara òun wá fúyẹ́. Ẹni tí ọrùn rẹ̀ le koko lè ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà kó má rí nǹkan kan. Ẹni tí dísìkì rẹ̀ ti ń wá ọ̀nà àtijáde tẹ́lẹ̀, ìfúnpá kan péré lè ti í lu iṣan ńlá. Iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì tún wà tó gba inú egungun ọrùn lọ sí ọpọlọ. Bí wọ́n bá ya nígbà tí wọ́n ń fún ọrùn, àrùn rọpárọsẹ̀ lè ti ibẹ̀ wọlé. Kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ó ti ṣẹlẹ̀ rí, àwọn dókítà sì ní àkọsílẹ̀ rẹ̀.

Kí wọ́n fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ pa èjìká, kí wọ́n fi aṣọ tí wọ́n rì sínú omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́, kò burú. Kí wọ́n fà á, kí wọ́n yí i, kí wọ́n gun orí rẹ̀, èèwọ̀ ni.

Àwòrán nìkan ò tó láti dájọ́

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé bí wọ́n bá ti ya X-ray, ọ̀rọ̀ ti parí. X-ray ń fi egungun hàn, kì í fi dísìkì hàn. Ó wúlò bí èèyàn bá ṣubú tàbí tí mọ́tò gbá a, nítorí á sọ bóyá egungun kán. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ MRI ló ń fi dísìkì àti iṣan hàn kedere, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe owó kékeré fún ẹni tó ń ta epo.

Ìròyìn ayọ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ló nílò rẹ̀. Lọ́dún 2015, àwọn dókítà ilẹ̀ Japan gbé èsì iṣẹ́ kan jáde. Wọ́n ya MRI ọrùn èèyàn 1,211 tí nǹkan kan ò ṣe. Nínú èèyàn 100, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 88 tí dísìkì ọrùn wọn ti wú síta, láìmọ̀, láìjẹ̀rora. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n bá fi àwòrán hàn pé dísìkì rẹ̀ wú, kó má tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ta ilẹ̀. Ohun tí dókítà bá fi ọwọ́ yẹ̀ wò lára rẹ̀ ló ṣe kókó: ṣé agbára apá wà níbẹ̀, ṣé ìka ń mọ nǹkan lára, ṣé ẹsẹ̀ ń rìn dáadáa. Àwòrán ń ti ẹ̀rí lẹ́yìn ni, òun kọ́ ni adájọ́.

Ohun tó ń wò ó sàn

Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí dísìkì ọrùn bá tẹ iṣan wọn ló ń gbádùn láìsí iṣẹ́ abẹ. Láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12, ìrora máa ń rọlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wọn. Ara fúnra rẹ̀ máa ń jẹ nǹkan rírọ̀ tó yọrí náà díẹ̀díẹ̀, títí á fi sún kì. Ohun tí èèyàn ń ṣe láàárín àkókò yẹn ni kó má jẹ́ kó burú sí i, kó sì jẹ́ kí ìrora ṣe é fara dà.

Èkínní, kó sọ ẹrù kalẹ̀ ná. Kì í ṣe títí ayé, ṣùgbọ́n kó jẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èkejì, kó má dùbúlẹ̀ sí ilé bí aláìsàn. Kó máa rìn, kó máa ṣe iṣẹ́ tí kò wúwo. Ọrùn tí èèyàn ò lò mọ́ máa ń gan ni. Èkẹta, ìrọ̀rí kan tí kò ga jù tó, kó fi ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ sùn, kó má fi àyà sùn. Kọ́là ọrùn tí wọ́n ń tà, bí dókítà bá ní kó wọ̀ ọ́, ọjọ́ díẹ̀ ni. Bó bá sọ ọ́ di ẹ̀gbà ọrùn fún oṣù mẹ́ta, iṣan ọrùn á di ọ̀lẹ.

Oògùn ńkọ́? Paracetamol lè bu omi tutù sí ìrora díẹ̀. Ibuprofen àti Diclofenac lágbára jù ú lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ò péye, kó má dá a lò. Èyí tó burú jù ni oògùn oríṣiríṣi tí wọ́n ń kó pọ̀ sínú ọ̀rá kékeré, tí wọ́n á ní kí èèyàn gbé e mì ní àárọ̀ àti alẹ́. Òmíràn nínú wọn ní oògùn líle tó máa ń jẹ́ kí ara tètè yá, tí ojú á wá wú lẹ́yìn oṣù díẹ̀, tí ṣúgà á gòkè nínú ẹ̀jẹ̀, tí egungun á sì máa rọ̀. Ẹni tí kò mọ orúkọ oògùn tó ń gbé mì kò tíì gba ìtọ́jú.

Àwọn tó ń ṣe físíò ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò kà sí, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ni ọ̀gá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n á kọ́ aláìsàn ní bí yóò ṣe máa fa àgbọ̀n sẹ́yìn, bí yóò ṣe máa na èjìká, bí yóò ṣe jókòó, bí yóò ṣe gbé nǹkan nílẹ̀. Eré ọmọdé ló máa dà lójú ẹni tí kò mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ṣe é lójoojúmọ́ nílé á rí èrè rẹ̀. Láti Ìlá, ọ̀nà Òṣogbo ò jìnnà, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọ̀ṣun wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn á kọjá sí Ilé-Ifẹ̀ tàbí Ilọrin. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìlera náà ti fìdí kalẹ̀ sí Ìlá Ọ̀ràngún fúnra rẹ̀.

Ìgbà tí kò sí eré mọ́

Àwọn àmì kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá yọjú, kò sí pé à ń retí ọ̀sẹ̀ 6. Wọ́n ń sọ pé iṣan ńlá gan-an ni dísìkì ti ń tẹ̀, tàbí pé nǹkan mìíràn wà níbẹ̀.

Bí ọwọ́ bá ń ṣe gọ̀ù, tí èèyàn ò lè di bọ́tìnnì mọ́, tí owó ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe ń kà á. Bí ẹsẹ̀ bá wúwo, tó ń wọ́ ọ nílẹ̀, tàbí tó ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ bíi ẹni tó mutí. Bí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ bá ń yọ́ jáde láìjẹ́ pé ó mọ̀, tàbí tí ìtọ̀ kọ̀ tí kò jáde. Bí agbára apá bá ń dín kù láti ọjọ́ dé ọjọ́. Bí ibà bá wà níbẹ̀ tàbí tí ara ń rù, nítorí ikọ́ ife àti jẹjẹrẹ lè wọ egungun ọrùn. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn ìjàǹbá ọkọ̀ tàbí ìṣubú láti orí ọ̀pẹ ni. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tó. Ọsibítù ló kàn, lọ́jọ́ náà gan-an.

Iṣẹ́ abẹ ọrùn ń dẹ́rù ba èèyàn. Wọ́n á ní bí ọ̀bẹ bá kan ọrùn, onítọ̀hún ò ní dìde mọ́. Òótọ́ ni pé kò sí iṣẹ́ abẹ tí kò ní ewu, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí kì í ṣe àdánwò mọ́. Láti nǹkan bí 1958 ni àwọn dókítà l'Ámẹ́ríkà ti ń kọ ọ́ jáde bí wọ́n ṣe ń gba iwájú ọrùn wọlé, tí wọ́n á rọra sún ọ̀nà ọ̀fun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí wọ́n á yọ dísìkì tó bàjẹ́, tí wọ́n á sì so egungun méjì náà pọ̀. Peyton Manning, ìlú-mọ̀ọ́ká agbábọ́ọ̀lù irú tàwọn ará Amẹ́ríkà, ṣe iṣẹ́ abẹ ọrùn lọ́dún 2011, kò gbá bọ́ọ̀lù kankan ní sáà náà. Ó padà sórí pápá ní 2012, nígbà tó sì di oṣù kejì ọdún 2016, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ife tó ga jù lọ nínú eré náà.

Nílé náà, iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì. Ọmọ Awẹ́, lẹ́bàá Ọ̀yọ́, ni Latunde Odeku, tí wọ́n bí ní 1927. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ àti iṣan ọ̀pá-ẹ̀yìn. Ó kàwé l'Ámẹ́ríkà, ìbá jókòó síbẹ̀ kó máa jẹun, ṣùgbọ́n ó padà wálé sí UCH n'Íbàdàn ní 1962, ibẹ̀ ló ti tẹ́ ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà kó tó kú ní 1974. Àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ ló wà káàkiri lónìí.

Owó, àti ọ̀rọ̀ inú ilé

Owó ló kù, owó náà ló sì ń pa ọ̀pọ̀ èèyàn mọ́ sílé. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ètò adójútòfò ìlera tirẹ̀. Kí ẹni tí kò tíì forúkọ sílẹ̀ lọ ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ara ṣì le, kó sì bèèrè ohun tí ètò náà ń san àti ohun tí kò san, kì í ṣe ọjọ́ tí ọrùn bá gan ló yẹ kó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ibi tí ọ́fíìsì wọn wà. Àwọn ọmọ tó wà l'Ékòó, n'Íbàdàn tàbí lókè òkun náà, kí wọ́n tó fi owó ránṣẹ́, kí wọ́n bèèrè ìbéèrè kan: "Ìyá, ìka wo ló kú?" Bí ìdáhùn bá ti jáde, kí owó náà gba ọ̀dọ̀ dókítà kó tó gba ibòmíràn. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà, kó gbà á. Àdúrà kò ní kí èèyàn má lọ sí ọsibítù.

Ìyá tó ń ru ẹrù jẹun ò lè jókòó lásán. Ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan lè di kẹ́ẹ̀gì lítà 10 méjì àti lítà 5 kan. Ọmọlanke lè gbé ohun tí orí ń gbé. Àwọn ọmọkùnrin tó wà nílé, tó jẹ́ pé wọ́n kà á sí iṣẹ́ obìnrin, ọrùn àwọn náà ò kéré. Kí ará ilé ọkọ sì yé pe aláìsàn ní ọ̀lẹ nítorí wọn ò rí egbò. Ẹlẹ́rù ló ń gbé ẹrù, ká tó bá a ké ọ̀fẹ.

Ẹni tí ọrùn bá ń dùn, tí apá rẹ̀ ń jó, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn ọ̀tá, kó kọ́kọ́ ka ìka ọwọ́ rẹ̀, kó wo èyí tó kú. Lẹ́yìn náà, kó gbé ìka náà lọ han dókítà.